Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kọ̀wé: ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n kì í bèèrè ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà sì ni.

Iṣẹ́ táípíìsì ni mo ṣe jẹun. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, táípíráítà onírin la ń lò, èyí tó jẹ́ pé téèyàn ò bá fagbára tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ò ní hàn lórí bébà. Ọ̀gá á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa fi ṣọ́tíháǹdì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ọwọ́ mi, lẹ́yìn náà ni n óò wá lọ tẹ̀ ẹ́. Mi ò rí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ yára tí ọwọ́ mi ò bá a. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ọwọ́ tí mo ní tẹ́lẹ̀ ni.

Ọwọ́ yìí kan náà ni làkúrègbé dé bá. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ ni oríkèé àwọn ìka tó kù náà ń wú díẹ̀díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mi ò ní lè ṣí ìdérí ìgò omi. Bọ́tìnnì aṣọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi dè é. Tí mo bá fi máa tẹ̀wé ìlà mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, ìka á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ìrora náà á sì bá mi wọ ojú oorun. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ṣàlàyé pé ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjì ní oríkèé ló ti ń jẹ tán, pé ó máa ń bá ọ̀pọ̀ àgbà. Wọ́n ní kí n máa ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n máa na àwọn ìka náà jẹ́jẹ́, kí n má sì fi tipátipá lò wọ́n mọ́.

Kí n má lo ọwọ́ mọ́ kẹ̀? Èmi tó jẹ́ pé èmi ni akọ̀wé gbogbo ẹbí wa! Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà ìpàdé ẹbí, èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ owó tá a ń dá. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ìwé oògùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó sì pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra. Èmi ni mò ń bá wọn lọ rí dókítà, èmi náà ni mò ń kọ orúkọ oògùn wọn, iye tí wọ́n máa lò àti àkókò tí wọ́n máa lò ó, fún ọmọ àbúrò wa tó ń tọ́jú wọn nílé.

Ọjọ́ kan ni ọmọ mi ọkùnrin wá kí mi, ló bá bá mi níbi tí mo ti ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo jẹ. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń fìyà jẹ ara yín báyìí? Ẹ máa sọ̀rọ̀, kí kọ̀ǹpútà máa kọ ọ́." Mo ní ṣé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò bá mi jiyàn. Ó so máíkì kan mọ́ kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́rí, ó tẹ nǹkan kan, ó ní ó yá, kí n máa sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lédè Òyìnbó pé mo kí gbogbo ẹbí, mo sì retí pé àlàáfíà ni wọ́n wà. Kí n tó pa ẹnu dé, ọ̀rọ̀ náà ti tò sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Mo rántí gbogbo àwọn ọ̀gá tí mo ti bá ṣiṣẹ́. Mo ní, "Háà, èmi náà ti di ọ̀gá, mo ti ní táípíìsì tèmi!"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ á fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Audrey. Nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń gbọ́, ohùn ẹni tí wọ́n bá ti ṣètò ẹ̀ fún ló sì ń gbọ́ dáadáa. Ní ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Dragon Systems gbé DragonDictate jáde, dọ́là 9,000 ni wọ́n ń tà á, ẹni tó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ máa dánu dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ yìí kan náà ṣe èyí téèyàn lè bá sọ̀rọ̀ geere láìdúró. Síbẹ̀, láyé ìgbà náà, ẹni tó rà á á kọ́kọ́ jókòó ka ìwé gígùn sí i létí kó tó lè mọ ohùn ẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ti ní in nínú láìsanwó. Tó bá jẹ́ Windows tuntun lẹ ní, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya àmì fèrèsé sí, kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà H mọ́ ọn, àmì máíkì á yọ. Tó bá sì jẹ́ Google Docs lẹ̀ ń lò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Tools sí lókè, ẹ ó rí Voice typing níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ti Google Docs yìí, ẹ lè yan èdè Òyìnbó bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má fi sí ti Amẹ́ríkà, nítorí ohùn wa yàtọ̀ sí tiwọn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kò ní etí bíi tèmi tìrẹ. Ńṣe ló ń gé ohùn wa sí wẹ́wẹ́, á fi wé ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ti fi kọ́ ọ, lẹ́yìn náà á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á wá méfò èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lẹ wí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní á méfò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé téèyàn bá sọ gbólóhùn kan délẹ̀ geere, ó máa ń gbọ́ ọ ju kéèyàn máa já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ gbé máíkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ẹ má gbé e síwájú ẹnu gan-an, kí èémí yín má baà máa fẹ́ sí i. Ẹ pa fáànù, tí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń dún lábẹ́ fèrèsé, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá pa á. Ẹ má pariwo, ẹ sọ̀rọ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń bá ẹni tó jókòó tì yín sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dá ìlà dúró, ẹ ní "full stop". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ìlà tuntun, ẹ ní "new line".

Kò ṣàì máa pa mí lẹ́rìn-ín o. Orúkọ wa kì í yé e. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Àdùkẹ́, ló bá kọ ọ́ bí orúkọ oyè tí wọ́n ń jẹ láàfin ọba Òyìnbó. Lọ́jọ́ mìíràn, mo gbàgbé láti pa máíkì, mo bá dìde lọ bá ọmọ-ọmọ mi wí pé kó jẹ ẹ̀wà tó wà níwájú ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, katikàti ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ti kún inú lẹ́tà tí mò ń kọ sí alága ẹbí. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa á rẹ́, mi ò sì kà á sí nǹkan kan.

Ohun tí mi ò kà sí nǹkan kan yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Dókítà ti fi kún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà láràárọ̀, wọ́n sún un láti yúníìtì 12 sí 15. Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó padà wọ Ìbàdàn, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo gbé máíkì kọ́rí, mo sọ gbogbo bí wọ́n á ṣe máa lo oògùn wọn lédè Òyìnbó, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́. Mo pe "fifteen" ketekete, ó dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ jáde, mo wò ó gààràgà, mo rí i pé ìlà ẹ̀ tò dáadáa, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ tó ń tọ́jú wọn, mo bá lọ sùn. N kò dárúkọ ẹ̀rọ tí mo lò lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí kò sí èyí tí irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù nígbà tí fóònù dún. Ọmọ náà ni. Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Mo ti gbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé àádọ́ta náà ni dókítà sọ?"

Àádọ́ta kẹ̀! Àyà mi là gààrà. Mo ní, "Gbé e sílẹ̀! Má tíì fún wọn ní nǹkan kan." Mo sáré wo ohun tí mo fi ránṣẹ́. 50 ló wà níbẹ̀ gbàgàdà. "Fifteen" ni mo wí, "fifty" ni ẹ̀rọ gbọ́.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí ojú wa ì bá rí lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ínsúlínì ni láti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, ṣúgà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òógùn á bo èèyàn, ara á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, gìrì lè mú un, ó lè dákú, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Àádọ́ta ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí dókítà sọ lọ, fún ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì fi ń gún un gba 100 yúníìtì, kò sí ohunkóhun lára ẹ̀ tó máa kìlọ̀ fún ọmọ náà pé ó ti pọ̀ jù.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ ara mi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá bá pe nọ́ńbà tí kò dá mi lójú, mo máa ń béèrè ni. Mo máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, one-five ni àbí five-zero?" Àwọn ọ̀gá mìíràn á pòṣé, ṣùgbọ́n wọ́n á dá mi lóhùn. Tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń kà á sí wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tèmi yìí kì í bèèrè. Táípíìsì tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa á bèèrè, àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ kò bá gbọ́, á méfò ẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ rekete bí ohun tó dá a lójú. Kò tún ní fa ìlà pupa sí i nídìí, nítorí kò ṣi 50 kọ. Àṣìṣe tó ń ṣe kì í jọ àṣìṣe lójú. Èmi tí mo wá di ọ̀gá, mo gbàgbé pé kò sẹ́ni tó máa kà á sí mi létí mọ́, àfi kí èmi fúnra mi kà á.

Ọmọ yẹn ló bá mi bèèrè. Ohun tó sì ń dùn mí títí dòní ni pé ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí kí n má bínú. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ̀rù bà á? Ká ní irú ìyá tó máa ń jágbe mọ́ ọmọ ni mí, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá bi í ní ọ̀rọ̀, á ní ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni, bóyá ọmọ náà ì bá kàn fa àádọ́ta sínú abẹ́rẹ́, kó ní ohun tí Màmá kọ nìyẹn.

Látìgbà náà ni mo ti ní òfin, mo sì fẹ́ kẹ́yin náà fi í ṣe òfin nílé yín. Èkínní, ohunkóhun tó bá ní nọ́ńbà, orúkọ oògùn tàbí ọjọ́ nínú, mi ò ní fi ránṣẹ́ lálẹ́ tó bá ti rẹ̀ mí. Mo máa fi í sílẹ̀ dàárọ̀, n óò fi awò sójú, n óò sì kà á sókè láti ìlà dé ìlà. Èkejì, mo máa ń pe nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ní "one five", n óò wá wò ó bóyá ohun tó kọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, mo máa ń fi Yorùbá kọ iye náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ fẹ̀sọ̀ pè é wò: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àádọ́ta. Wọn ò jọra rárá. Ẹ̀kẹrin, orúkọ oògùn kì í ṣe ohun tá a ń gbẹ́kẹ̀ lé etí ẹ̀rọ fún. Ẹ wò ó lára páálí oògùn, kẹ́ ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò káàdì ilé ìwòsàn ránṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín tọ́jú àgbà pé kó máa bèèrè, pé ẹnikẹ́ni ò ní pè é ní aláfojúdi.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò kúkú fi Yorùbá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èdè wa ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2024, Google kéde pé Yorùbá ti wà lára àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà téèyàn lè fi ẹnu sọ dípò kó máa tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń fi kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé igba yàtọ̀ sí igbá, igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ìgbà náà kì í ṣe ìgbá tá à ń jẹ. Èyí tí mo dán wò kì í fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ, ìyẹn ni mi ò ṣe tíì fi kọ ìwé oògùn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà níléèwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti fẹ́ máa fi ẹnu sọ iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo gba máíkì lọ́wọ́ ẹ̀, mo fún un ní pẹ́ńsù. Ọwọ́ tèmi ti ṣiṣẹ́ títí kó tó sinmi, tiẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ tí ọwọ́ ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ìwé kíkọ ń dà láàmú ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ bá olùkọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, irú ẹ̀rọ yìí lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé ohùn yín lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má pe nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín sí i. Ẹ pa máíkì tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán. Ọ̀fun náà máa ń rẹ̀ o. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo máa ń mu omi, n óò sì panu mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má torí pé ẹ ti rí ohun tó ń bá yín kọ̀wé kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ tó ń dùn yín sílẹ̀ láìtọ́jú. Tí oríkèé bá ń wú, tó ń gbóná, tó sì ń le láràárọ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ kan ló ṣàdédé rọ, tí ẹnu ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu, ìyẹn kì í ṣe làkúrègbé. Ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, wọ́n wà l'Ọ́yọ̀ọ́, yúníìtì 15 ni wọ́n gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ra àǹkárá fún ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Mo sì sọ fún un pé kó má bẹ̀ mí mọ́ kó tó bi mí ní ọ̀rọ̀, kó ṣáà máa bèèrè. Èyí tẹ́ ẹ sì kà tán yìí, ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ mi àgbà, òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dá mi dúró, tó ní, "Màmá àgbà, kí lẹ wí?" Mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tó sì parí, mo ní kó kà á sí mi létí.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa tọ́jú ara yín o.